Ohun Tó Mú Dírónù Já Bọ́ Sínú Oko Ìrẹsì

Ọdún kejì tí ilé iṣẹ́ adójútòfò tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gbé mi wá sí Onitsha ni wọ́n rán mi lọ sí oko ìrẹsì kan ní Ogbaru, létí odò. Dírónù tó ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí oko náà ló já bọ́: ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kì í gbé ènìyàn, tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́fà lórí àti táǹkì oògùn nísàlẹ̀. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ṣùgbọ́n ó fọ́ yángá.

Ẹni tó ń darí rẹ̀ ti dúró dè mí. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, Odoakpu ní Onitsha ni wọ́n ti ń ta aṣọ. Bó ṣe gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Yorùbá mi ò já gaara, ẹ má bínú. Wọ́n ní èmi ni mo jẹ́ kó já, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ó kàn yí bìrí lókè, bíi pé ẹnìkan fà á lápá."

Ìyá àgbà tó ni oko kò gbà. Ó ní fóònù ni ọmọ náà ń tẹ̀. Mo wo ohun tí wọ́n fi ń darí dírónù; ojú rẹ̀ jọ fóònù lóòótọ́.

Irú ìjàǹbá báyìí, awakọ̀ la sábà máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "fà á lápá" yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló ń fa nǹkan lápá lójú ọ̀run?

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àfọ́kù náà. Bátìrì ṣì lágbára. Nídìí abẹ̀bẹ̀ kan, mo rí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán. Mo fi èékánná tú u; ó ń tú, ó ń tú, kò tán. Okùn inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni! Mo gbójú sókè: òmíràn wà lórí àwọn òpó gíga láàárín ìrẹsì, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ó ń hó wìì.

"Ta ló na èyí?"

Ìyá náà gbójú sókè wò ó. "Èmi ni. Nígbà tí ọmọ yìí wá wọn oko fún dírónù, kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ ni mo nà á, kí ẹyẹ má bàa jẹ ìrẹsì mi tán."

Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú. "Nwa m, ndo," ó ń fi Igbo bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ òun má bínú. Ọmọ náà fi Igbo fèsì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló sọ.

"Mo ní ó yẹ kí n ti rìn yí oko ká kí n tó gbé e sókè. Mi ò rìn, mà."

"Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́."

Mo kọ méjèèjì sínú ìròyìn mi, okùn náà àti ìrìn tí kò rìn. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ kò lé e. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn tuntun bí wọn yóò ṣe máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin oko.