Ìwé Tó Ní Kí Wọ́n Jó Itamaga

Ìwé tó lé àwọn ará àdúgbò wa kúrò nílé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, èmi ni mo kọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ìyálọ́mọ ti ń di ẹrù, wọ́n ń sá lọ bá ẹbí wọn ní Ẹ̀pẹ́.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ ní Ìkòròdú ni, ìgbà tí àwọn adigunjalè máa ń kọ lẹ́tà sí àdúgbò kí wọ́n tó wá. Akọ̀ròyìn ni mí. Olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Eré ogun orí páálí ni àwa méjèèjì jọ ń ṣe: ìdérí ìgò ni ọmọ ogun wa, dáìsì lúdò ló ń sọ ẹni tó ṣubú. Ogun kan tí àwọn òyìnbó jà ní Yúróòpù ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn la mú. Èmi ni mo ń kọ ìlànà rẹ̀: ta ló wà níbo, ta ló máa kọ́kọ́ gbéra.

Orúkọ àwọn abúlé wọn ló dà wá láàmú. Olùkọ́ ní, "Ta ló fẹ́ kán eyín sórí èyí? Fi àdúgbò wa sí i jàre." Mo gbà. Abúlé ojú ọ̀nà di Benson, ti orí òkè di Itamaga.

Láàárọ̀ Jímọ̀ náà, olùkọ́ lọ ṣe fọ́tòkópì ìlànà náà, ó sì gbàgbé ojúlówó rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kà á: "Ní ìdájí, kí àwọn ẹlẹ́ṣin gba Benson. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ jó Itamaga."

"Orí mi wú," ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. "Itamaga ni ìyá mi ń gbé."

Ó gbé e tọ alága àwọn onílé lọ. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lára ògiri gbogbo.

"Ẹṣin kẹ̀? Níbo lolè ti rí ẹṣin?" ọkùnrin kan ń bèèrè.

"Ìwọ náà! Ọ̀kadà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀," alága dá a lóhùn.

Olùkọ́ ti padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé ìwé kan síbí." Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá.

Mo gbé páálí wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Olùkọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, apá ẹ̀wù rẹ̀ kan ti ya dànù.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Eré ni. Ogun àwọn òyìnbó àtijọ́ ni," mo sọ fún ọlọ́pàá tó jókòó nídìí tábìlì.

Ọlọ́pàá náà wo páálí, ó wò mí. "Òyìnbó tó ti kú láti igba ọdún, kí ni wọ́n ń wá ní Benson?"

Mo tẹ́ páálí náà sórí tábìlì, mo ń to ìdérí ìgò sí i.

"Ta ló borí nígbẹ̀yìn?"

"A ò tíì mọ̀, sà. Ó dọwọ́ dáìsì."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Níta, ohùn àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i lójú fèrèsé: "Ẹ gbé e fún wa!"

"Àbúrò, má lọ o," olùkọ́ ní.

Ọlọ́pàá náà ti fèrèsé. Ó ní olùkọ́ kò ní kúrò níbẹ̀, nítorí bó bá jáde báyìí, wọn kò ní jẹ́ kó délé. Ó ní ọ̀gá wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. "Ẹ ó ṣe eré yìí níwájú ọ̀gá. Bó bá yé e, ẹ ó jọ lọ sílé. Bí kò bá yé e, ẹ̀yin náà máa bá a sùn síbí; ẹ mú aṣọ òtútù dání."