Àwo Orin Mẹ́wàá tí Ajíbọ́lá Yàn

Ọmọ àbúrò mi tó ti kú ni Ajíbọ́lá Fámúyìwá. Èmi ni bàbá rẹ̀ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlawẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀ sí Ìgbàrà-Odò níbí. Kì í mutí. Kì í jà. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ̀gbọ̀n kan ṣoṣo tó ní ni orin.

Kì í ṣe orin tí èèyàn ń jó. Orin irin ni. Gbà, gbà, gbà, bí ẹni ń lu páànù, kí nǹkan kan sì máa kùn lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹnu sí i, igbe ni yóò ké. Àbúrò mi ní ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fáwọn tó ń ṣe gàrí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni ọmọ náà ti ń sùn láti kékeré. Nígbà tí àbúrò mi kú, a ta ẹ̀rọ náà. Mo rò pé ariwo ti tán nílé wa.

Ní gbogbo Oṣù Kejìlá, Ajíbọ́lá á yan àwo mẹ́wàá tó fẹ́ràn jù lọ́dún náà, á kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlélógójì ló gbọ́. Kó tó yọ mẹ́wàá nínú wọn, ó ní òun gbọ́dọ̀ tún gbogbo wọn gbọ́. Gbogbo wọn! Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Mo ní kó ki nǹkan bọ etí. Ó ní àyà ni èèyàn fi ń gbọ́ ìsàlẹ̀ orin náà, kì í ṣe etí.

"Ta ló ń dúró de ìwé ọ̀hún?" ni mo bi í.

"Àwọn tó ń kà á ni, Bàbá."

"Èèyàn mélòó?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Ìyàwó tó o fẹ́ fẹ́ ńkọ́? Mélòó nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún gbé òmíràn sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí ló ń dùn mí. Títílọlá ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ń bọ̀ wá mọ ilé wa ní Sátidé. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í wá láìkọ́kọ́ rán ẹnì kan wá wádìí. Ṣé olè wà nínú ìdílé? Ṣé wèrè wà? Ṣé òpùrọ́ ni wọ́n? Ẹni tí wọ́n rán kì í sọ pé òun ń bọ̀. Mo bẹ Ajíbọ́lá kó pa orin yìí fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ní òun ò tíì mọ èwo ni ìkẹta, èwo ni ìkẹrin.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, obìnrin kan yà wá. Ó ní Ìyábọ̀ lòun, àbúrò bàbá Títílọlá, òun ń kọjá lọ ni. Láti Ìkẹ́rẹ́! Orin irin sì bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá Ajíbọ́lá.

"Ẹ kú ulé o, Bàbá. Kí ló ń dún yẹn?"

Ojú tì mí. "Ẹ̀rọ ni," ni mo wí. "Ajíbọ́lá ń lọ ẹ̀gẹ́ fáwọn obìnrin. Ẹ̀rọ bàbá rẹ̀."

"Ó ń ṣe uṣẹ́ ìjọba, ó tún ń lọ ẹ̀gẹ́!" Inú rẹ̀ dùn. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní Sátidé, wọ́n dé. A jẹ, a mu. Ni bàbá Títílọlá, Alàgbà Ọlọ́runtọ́ba, bá dìde.

"Àna mi, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ yẹn. Àbúrò mi ò sọ nǹkan mìíràn láti Ọjọ́rú."

"Ẹ̀rọ wo, sà?" ni Ajíbọ́lá wí.

Mo ṣẹ́jú sí i. Mo tún ṣẹ́jú. Ṣe ló ń wò mí.

"Kò sí ẹ̀rọ kankan, sà. Orin mi ni wọ́n gbọ́."

"Orin?" Ìyábọ̀ fò dìde. "Nǹkan tó ń jẹ irin lẹ́nu yẹn?"

Títílọlá fọwọ́ bojú. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Gbé e sí i ká gbọ́," ni Alàgbà wí.

Ajíbọ́lá gbé èyí tó fi ṣe ìkíní sí i. Bí ẹni ń wọ́ àgbá òfìfo lórí kọnkéré. Obìnrin kan ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko, ọmọ yìí ò gé e kúrú! Ìyá Títílọlá ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó parí, Alàgbà ní, "Kò dùn. Ṣùgbọ́n ariwo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ta ló pa á?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n lọ láìdá ọjọ́ kankan. Wọ́n ní àwọn á tún wádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́nu mi.

Ajíbọ́lá ò bá mi jà. Kò gbé orin kankan sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún nìyẹn, mi ò sì gbádùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyábọ̀ padà wá. Kò yà sọ́dọ̀ mi. Ó wọ yàrá Ajíbọ́lá, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Ìwọ, jókòó. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ajíbọ́lá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹwàá. Ó ń gbé e sí i, ó ń sọ ọ́. Ó ní eléyìí, bí ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ já ló ṣe ń dún, òun sì fẹ́ràn rẹ̀ torí kò já. Ó ní ìkeje, orin kan ṣoṣo ló dára níbẹ̀, ìyókù ò wúlò. Wákàtí méjì! Obìnrin náà di orí mú jáde.

"Orí ń fọ́ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bi í ló sọ. Kódà, ó bú àwọn àwo tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ máa bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin, Bàbá, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun ni o. Ẹ má sọ̀rọ̀."

A lọ. Wọ́n fún wa ní Títílọlá, ìgbéyàwó di Oṣù Kẹrin. Mo jẹun. Mi ò sọ̀rọ̀.