Ahọ́n Ọmọ Ìmẹ̀sí

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ran àwọn ọmọ kéékèèké tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu wọn lọ́wọ́. Kò sí ọ̀gá kankan nínú irú iṣẹ́ náà tí mo lè bi léèrè. Gbogbo èèyàn ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan pọn ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì. Ọmọ náà ti ń sún mọ́ ẹni tó ń lọ síléèwé, síbẹ̀ kò tíì pe "màmá" rí.

Ìyá rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi gé awọ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ tí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ní bí ẹ ò bá gé e, òun mọ ẹni tí yóò fi réésà gé e ní ulé."

Mo yẹ ẹnu ọmọ wò. Ahọ́n rẹ̀ dára. Mo wá dọ́gbọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo sọ fún ìyá pé etí ni mo fura sí, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà elétí ní Adó, mo sì dá ọjọ́ tí wọn yóò padà wá bá mi. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Wọn ò padà wá lọ́jọ́ tí mo dá fún wọn. Réésà yẹn ni mo ń rò ṣáá. Bó bá sì jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í wò ńkọ́? Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo wọ mọ́tò, mo tún gun ọ̀kadà, mo wá wọn lọ sí Ìmẹ̀sí.

Bàbá ọmọ ń sá kòkó lójú oòrùn, ọmọ sì jókòó tì í. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ pè é."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pè é. Ọmọ ń fi èso kòkó ṣeré. Ó tún pè é, ó wá fi ìbínú pariwo orúkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ fi sá. Ọmọ kò gbójú sókè.

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bá a sọ látọjọ́ yìí, kò gbọ́ ọ̀kan?"

Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà elétí náà.

Àtòun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sí Adó. Dókítà ní etí rẹ̀ ni lóòótọ́. Ọkàn mi balẹ̀ pé mi ò ṣì í wò, ojú sì tì mí pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá bá mi, bàbá ọmọ ní, "Ó yá, nọ́ọ̀sì, ẹ kọ́ wa bí a ó ṣe máa bá a sọ̀rọ̀." Mo fa àga fún wọn.