Òjò Àkọ́rọ̀ ní Ẹ̀yìnkùlé Màmá Onílé

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wa ń sáré ká aṣọ wọlé, ìgbà náà ni màmá onílé wa ní Òkè-Ìlá máa ń jáde sí àgbàlá láìwé gèlè. Á na ọwọ́ méjèèjì sí òjò, á ní, "Ọdún ti yí o! Káàbọ̀, wọ ulé." Lẹ́yìn náà, á bu omi tútù sí ẹnu ọ̀nà, á pa obì fún gbogbo ayálégbé, a ó sì gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì kò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọyẹ́, nítorí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Màmá gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, ó bu irúgbìn fún nọ́ọ̀sì.

"Màmá, Kátólíìkì ni mí o," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ṣé àgbàdo bi ọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì wo lo ń lọ ni? Ó yá, gbìn ín!"

Mo ń gbẹ́ ihò, ó ń ju irúgbìn sí i. Òjò ń pa wá títí a fi gbin ìlà kan tán. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ẹrẹ̀ yọ̀ mí, mo fi ìdí jókòó gbì. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bú jáde.

"Ìyá Tóbi, ẹ dìde o! Àgbàdo wa lẹ jókòó lé yẹn!"

Màmá gbọ́ "wa" yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi wá sílẹ̀ nínú òjò.