Sítíárìn Ọkọ̀ Bàbá Tíṣà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Sàngó-Ọ̀tà. Òórùn awọ ìjókòó tí òjò ti pa, tí oòrùn sì ti mú gbẹ, gbà mí nímú. Ó rán mi létí ọkọ̀ Bàbá Tíṣà.

Bàbá mi ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa, tí fèrè àwọn ilé iṣẹ́ ń jí àdúgbò láàárọ̀. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kúkúrú oníjòókòó-méjì tí òrùlé wọn ṣeé ká sẹ́yìn, ló ń tún ṣe. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Mẹkáníìkì àgbà, ẹ tún ti kó pàǹtí dé." Pàǹtí náà á wọlé pẹ̀lú adìyẹ tó sàba nínú rẹ̀, á sì jáde bí ọkọ ìyàwó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ pé apá ọ̀tún ni sítíárìn wọn máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí, kí ìjọba tó ní ká máa gba ọ̀tún ọ̀nà. Bàbá mi a máa gbé e sí òsì kí ọlọ́pàá má baà yọ olówó ọkọ̀ lẹ́nu. Kì í béèrè kó tó ṣe é, bí télọ̀ kì í ti í béèrè kó tó gé òwú tó yọ létí aṣọ.

Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, gbé tirẹ̀ wá láti Alápòótí lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Aláwọ̀ ewé ni ọkọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣe é bó ṣe wà tẹ́lẹ̀." Bàbá mi rò pé ọ̀dà ló ń sọ.

Tí mo bá ti ilé ìwé dé, iṣẹ́ sáńpépà ni tèmi. Nígbà tí wọ́n yọ sítíárìn náà, tí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ dí ihò rẹ̀, èmi ni mo fi sáńpépà àti omi fá ojú ibẹ̀. Mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó, mo tún ń fá a, títí kò fi sí àpá kankan.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Tíṣà wá gbé e, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí bó ṣe ń dán. Ó gba ilẹ̀kùn ọ̀tún wọnú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Òsì ló wà báyìí, sà," ni bàbá mi wí tayọ̀tayọ̀. "Ẹ sún sọ́hùn-ún."

Bàbá Tíṣà wo ìjókòó òsì náà pẹ́. "Ibẹ̀ ni ìyá àwọn ọmọ mi máa ń jókòó."

Bàbá mi ní òun á dá a padà. Bàbá Tíṣà ní kó má wulẹ̀ tún irin gé mọ́. Ó ń fọwọ́ wá ibi tí sítíárìn wà tẹ́lẹ̀, kò rí i.

"Ta ló fá ibí?"

Bàbá mi nawọ́ sí mi.

"Ọwọ́ rẹ dáa, ọmọ mi." Ó yíjú sí bàbá mi. "Ẹ ṣé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà mí relé."

Bàbá mi wà á dé Alápòótí, òun lórí ìjókòó ìyàwó oníyàwó, torí kò sí ibòmíràn tó lè jókòó sí. Bàbá Tíṣà kò wa ọkọ̀ náà títí ó fi kú.

Ká ní ó bá wa jà ni, à bá kó àgbààgbà lẹ́yìn lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́ ni. Báwo la ṣe ń bẹ ẹni tó dúpẹ́?

Wọ́n ti da ọ̀dà sọ́nà ṣọ́ọ̀bù wa báyìí. Orí fóònù ni mo ti ń béèrè fún ẹ̀yà ara ọkọ̀, á sì ti ìlú òyìnbó dé. Ṣùgbọ́n kí sípánà tó kan ọkọ̀ kankan, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọnú rẹ̀, kó sọ ẹni tó máa ń jókòó síbi kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọṣẹ́ mi á ní, "Màdáámù, ṣé ìjókòó ìgbéyàwó la fẹ́ tò ni?" Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Níbi tó bá sì di dandan ká dí ihò, mo máa ń ní kí wọ́n má fá a tán, kí wọ́n fi àpá díẹ̀ sílẹ̀ tí ọwọ́ lè bá. Oníbàárà kan fi àtàńpàkò wò ó láìpẹ́ yìí, ó ní ṣé sáńpépà wa tán ni. Mo ní rárá, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.