Màmá Tó Ń Gba Ìwé Ìwáṣẹ́

"Mo mọ ilé tí ò ń gbé ní Sẹ̀kọnà," ni ọkùnrin náà sọ fún mi lórí fóònù. Iṣẹ́ yunifásítì ló ń tà fún àwa tí a ń wáṣẹ́ ní Ẹdẹ, mo sì ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, tí wọ́n lù, ṣì wà ní ọsibítù.

Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni mò ń ṣe ní yunifásítì náà. Màmá tó ń gba ìwé ìwáṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ni mo sọ ìhàlẹ̀ náà fún. Wọn kì í gba ìwé ẹnikẹ́ni àfi tó bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì kà á sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mú ìwé ẹnìkan wá bínú níṣojú mi.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ ṣì kà á."

Láti ọjọ́ tí mo sọ fún Màmá ni wọ́n ti ń sìn mí wọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ní kí awakọ̀ ka nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sókè.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ni?" ni awakọ̀ kan bi wọ́n.

"Kọ́kọ́ gbé ọmọ mi délé ná."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí adájọ́ rán ọkùnrin náà lọ sẹ́wọ̀n, mo lọ sọ fún Màmá. Wọ́n ní, "Alihamudulilahi," wọ́n sì na fọ́ọ̀mù kan sí mi.

"Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí ti ṣí sílẹ̀. Ṣé o ṣì ń wáṣẹ́?"

Mo wá ayọ̀ nínú ara mi, n kò rí i. Mo ṣáà gba fọ́ọ̀mù náà.