Èènì Tí Mo Gbà Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà nínú mi jáde. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ àyà mi ò tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé gàrí àti ẹ̀wà ni mò ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́. Gàrí Àfìn, gàrí Àjọwá, èyí tó bá dáa ni mo máa ń gbà. Ìyá mi ń gbé ní Ọ̀kà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Ìyá mi fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Àwọn ni wọ́n máa ń ka Bíbélì fún àwọn ìyá àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà ni gbogbo àdúgbò máa ń gbé lẹ́tà tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan sẹ́yìn, nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú wọn. Ojú òsì ò ríran mọ́ rárá. Ti ọ̀tún náà ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ilé ìwòsàn ojú kékeré kan wà ní Ìkàrẹ́ níbí. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ kì í gbé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ló ń wá, ọjọ́ kan péré ló sì ń lò. Wọ́n kọ orúkọ ìyá mi sílẹ̀. Wọ́n ní kí n san ìdajì owó, kí n wá san ìyókù láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, kí wọ́n tó mú wọn wọlé. Mo san ìdajì. Mo kó ìyókù sí báńkì, mo sì sọ fún ara mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àti èmi gan-an.

Ta ló wá fọwọ́ kàn án? Ẹ máa bá mi bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ìyá mi máa nílò awò dúdú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí oòrùn àti eruku. Mo wá a lọ́jà, àwọn tí mo rí ò bo ẹ̀gbẹ́ ojú dáadáa. Ni mo bá ṣí fóònù. Mo rí ibì kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ojú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, awò tiwọn dáa, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Mo ní mo fẹ́ ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà káàdì ATM mi síbẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ sanwó báyìí, nǹkan kan yọ sókè. Wọ́n ní torí pé mo ra awò, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ wà fún mi, ike oògùn fítámì ojú kan. Wọ́n tiẹ̀ ti bá mi máàkì rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tó kù ju kí n máa bá a lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tíntìntín kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ eérú kọ, ó gùn lọ sísàlẹ̀. Mi ò kà á.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ọjà ni mí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé téèyàn bá ra ọjà, ẹni tó tà á máa bu èènì sí i. Èmi náà, bí o bá ra kóńgò gàrí kan lọ́wọ́ mi, màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹni tí kì í bu èènì, ahun ni, ẹni tó bá sì kọ èènì, àfi bíi pé ó ń bá ọlọ́jà jà. Ṣé èmi ni mo wá fẹ́ kọ èènì? Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní àwọn ará ibí yìí mọ ọjà tà. Àní mo ṣàdúrà fún wọn.

Awò náà dé lọ́jọ́ kẹrin, ike fítámì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Mo kó wọn pamọ́ de ìyá mi.

Kí n jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ kejì. Báńkì máa ń yọ owó lórí gbogbo alẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ó sì máa ń bí mi nínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́. Torí náà, nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fóònù mi ò dún.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Láàárọ̀ kùtù ni mo ti dé Ọ̀kà. Ìyá mi ti wẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n sì ti gbé Bíbélì sínú báàgì. Mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Mọ́mì? Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣí ojú àwọn, òun ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ wò. A wọ mọ́tò. Títí a fi kọjá Àkùngbá ni wọ́n ń bi mí bóyá ó máa dun àwọn, èmi náà ń dá wọn lóhùn pé kò lè dùn yín.

A dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì kán oògùn sí wọn lójú, ó mú wọn jókòó pẹ̀lú àwọn aláìsàn yòókù. Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń gba owó, mo fún un ní káàdì. Ó fi sínú POS, kò gbà á. Ó tún un ṣe. Ó wá rọra sọ fún mi pé, ẹ má bínú mà, owó inú rẹ̀ ò tó.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní kó tún un wò.

Mo ṣí ápù báńkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ owó: ìkan ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ìkejì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Mi ò kọ́kọ́ mọ orúkọ tí mo rí níbẹ̀. Nígbà tó yá ni mo rántí. Àwọn tó ta awò fún mi ni.

Mo pè wọ́n. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí mi létí. Ọmọbìnrin kan wá gbé e, ó ń sọ òyìnbó jẹ́jẹ́. Ó ní mo ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba fítámì lóṣooṣù. Ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á gba owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, owó gbígbé rẹ̀ wá sì yàtọ̀. Mo ní èmi ò wọ ẹgbẹ́ kankan. Ó ní máàkì mi wà níbẹ̀. Mo ní ìyá mi ló jókòó yìí pẹ̀lú oògùn lójú, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ó ní ó ká òun lára, ó ní ṣé nǹkan mìíràn wà tí òun lè bá mi ṣe?

Mo gé ìpè náà.

Ọmọbìnrin tó ń gbowó yẹn ló là mí lójú. Ó ní kí n kọ́kọ́ ti káàdì náà pa lórí ápù, kí wọ́n má baà tún yọ ìkẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi nọ́ńbà àṣírí mi tẹ̀ kí n tó rí i tì. Mo wá pe Ìyá Dúpẹ́ tá a jọ ń pàtẹ lọ́jà. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣàlàyé tán tó fi ní òun á fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé ìwòsàn. Ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé e há.

Mò ń lọ, mò ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pe aláìsàn àkọ́kọ́, wọ́n pe ìkejì. Ìyá mi gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Rónkẹ́, kí ló dé tí o ò jókòó?" Mo ní kò sí nǹkan kan, Mọ́mì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo mọ̀ pé wọn ò gbà mí gbọ́.

Nígbà tí owó Ìyá Dúpẹ́ fi máa wọlé, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò ìyá mi, dókítà sì ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ní láti dé ìlú mìíràn lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì bá wa bẹ̀ ẹ́, èmi náà kúnlẹ̀. Ó ní ká má bínú, ó di ìgbà tí òun bá tún wá. Oṣù mẹ́ta.

Nínú mọ́tò tá a fi padà sí Ọ̀kà, ìyá mi ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn. Mo sọ ọ́, pátá. Mo rò pé wọ́n máa pariwo lé mi lórí. Wọ́n kàn béèrè ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀bùn náà. Mo ní mi ò kà á. Wọ́n ní, "O ò kà á kẹ̀? Ìwọ tí ojú ẹ méjèèjì ń ríran?" Mo sunkún níṣojú gbogbo èrò ọkọ̀, ojú ò tiẹ̀ tì mí.

Bá a ṣe délé, wọ́n ní kí n ṣí ibi tí mo ti ra awò lórí fóònù, kí n ka ọ̀rọ̀ tíntìntín náà fún àwọn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ọjọ́ mẹ́rìnlá, oṣù mẹ́ta, owó gbígbé. Ìyá mi wá ní èènì tí èmi ń bù fún àwọn oníbàárà mi, ṣé mo máa ń tẹ̀ lé wọn délé lọ gbowó rẹ̀ ni?

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe báyìí o. Mo ti ní kí báńkì dá alẹ́ẹ̀tì mi padà, owó tí wọ́n ń yọ lórí rẹ̀ ò dùn mí mọ́. Mo ní àkáǹtì kékeré kan tí mo fi ń ra nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iye ọjà tí mo fẹ́ rà nìkan ni mo ń fi síbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti bá mi máàkì nǹkan sílẹ̀, mo máa ń yọ ọ́ kúrò kí n tó ṣe ohunkóhun. Ohun tí wọ́n bá pè ní ọ̀fẹ́, tó sì tún ń béèrè nọ́ńbà káàdì, mi ò fẹ́. Mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí báńkì nípa owó mi, wọn ò tíì fèsì.

Owó yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Lánàá mo dé Ọ̀kà, mo dúró níwájú ìyá mi kí n tó kí wọn. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Ẹ̀rù bà mí gan-an. Oṣù mẹ́ta ti wá jìnnà jù.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Ṣé ẹ rí owó yín gbà padà? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí, ẹ má tijú, torí ìtìjú wa ni wọ́n fi ń jẹun. Ìyá mi ní àwọn fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo máa kà á fún wọn.